Ẹyin sísè: bá a ṣe ń sè é, bá a ṣe ń tọ́jú ẹ̀ àti ìgbà tó yẹ ká dà á nù

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹyin tá a bá ti sè ti bọ́ nínú ewu, pé nígbà tí iná ti kàn án kò sóhun tó lè ṣe é mọ́, ó lè wà lórí tábìlì dọ̀la. Irọ́ ni o. Ẹyin tútù tí èèpo ẹ̀ ò sán lè wà nínú kíréètì ní kọ̀rọ̀ tó tutù fún ọ̀sẹ̀ kan kó má ṣe nǹkan kan, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ sè láàárọ̀ tẹ́ ẹ gbàgbé sínú abọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ má fi kan ẹnu mọ́.

Ohun tó fà á ò le. Nígbà tí adìyẹ bá yé ẹyin, nǹkan kan máa ń bo èèpo yẹn lára, ó fẹ́lẹ́ débi pé ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, òun ló ń dí àwọn ihò wínníwínní tó wà lára èèpo, ihò yẹn sì pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ lára ẹyin kan ṣoṣo. Omi gbígbóná á bó nǹkan yẹn kúrò. Funfun ẹyin tútù náà máa ń bá bakitéríà jà fúnra ẹ̀, tí iná bá ti mú un dì, agbára yẹn lọ nìyẹn. Ẹyin sísè wá dà bí ilé tí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé ẹ̀ sílẹ̀. Torí ẹ̀, sísè gan-an kọ́ ni wàhálà, ọmọ kékeré ń se ẹyin, ohun tá à ń ṣe lẹ́yìn tá a bá gbé ìkòkò sọ̀ lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Látọjà wá sílé

Agbègbè wa yìí, láti Ṣàgámù wọ Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Àgọ́-Ìwòyè, ẹyin ò ṣòroó rí (owó ẹ̀ lọ̀rọ̀ míì), àwọn tó ń sin adìyẹ wà káàkiri, ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ẹyin tí wọ́n kó lábẹ́ adìyẹ láàárọ̀ yìí ló ń rà lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá dé Òkè-Ajé tàbí ọjà Fálàwò, ẹ má jẹ́ kí ìyá ẹlẹ́yin bá yín kó o sínú náílọ́nù wàràwàrà. Ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i wò yíká. Èyí tó bá sán, bó ti wù kó kéré tó, ẹ dá a padà. Wọ́n á ní "ẹ mú un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ sè é lónìí", ẹ ṣáà dá a padà, ẹ ò mọ ìgbà tó ti sán, ẹ ò sì mọ ohun tó ti gbabẹ̀ wọlé. Èyí tí ìgbẹ́ adìyẹ bò pátápátá náà, ẹ fi sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó, ẹ bu omi sínú abọ́ tó jìn díẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e sí i. Tó bá sùn gbalaja sísàlẹ̀, ó ṣì tuntun. Tó bá dìde dúró síbẹ̀, ó ti ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé jẹ. Èyí tó bá léfòó, ó ti pẹ́ gan-an, òbu ni ọ̀pọ̀ nínú irú wọn. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é, omi inú ẹyin máa ń gba ara èèpo jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ipò ẹ̀ níbi orí ẹ̀ tó sanra. Ọjọ́ orí ẹyin nìkan nìyẹn máa sọ fún yín o, kò lè sọ bóyá Salmonella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wà nínú ẹ̀. Bakitéríà yẹn lè ti wà nínú adìyẹ kí èèpo tó bo ẹyin rárá, ẹyin tó mọ́ tónítóní náà lè ní in, ìdí tó fi yẹ kó jinná nìyẹn.

Ẹ má fọ ẹyin tútù kẹ́ ẹ tó tọ́jú ẹ̀. Tó bá dọ̀tí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ kọ orí ẹ̀ tó ṣe ṣónṣó sísàlẹ̀, pupa ẹ̀ á dúró sáàárín, tẹ́ ẹ bá bó o tẹ́ ẹ sì là á, á rẹwà. Ẹ má gbé kíréètì sórí fíríìjì tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ibẹ̀ gbóná. Ká gbé e sínú fíríìjì ńkọ́? Ó dáa gan-an, á pẹ́ ju tìta lọ, tí iná bá ń dúró ládùúgbò yín. Tó bá jẹ́ pé wákàtí méjì ni wọ́n ń mú un wá tí wọ́n á tún mú un lọ di ọ̀la, ẹyin á máa tutù á tún máa gbóná, á máa làágùn, omi ara ẹ̀ yẹn ló máa gbé ìdọ̀tí èèpo wọ inú. Irú ilé bẹ́ẹ̀, kọ̀rọ̀ tó tutù tí oòrùn ò dé sàn fún un, kẹ́ ẹ sì máa ra díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ máa jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nǹkan kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ò dáa fún sísè. Ẹ dín in, ó dùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sè é, tẹ́ ẹ bá ń bó o funfun á máa bá èèpo lọ, á wá rí ṣágiṣàgi bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Tó bá ti wà nílẹ̀ bí ọjọ́ 7 sí 10, gáàsì kan tó wà nínú ẹ̀ á ti rọra jáde, funfun náà ò ní dì mọ́ awọ tín-ín-rín tó wà lábẹ́ èèpo mọ́. Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kẹ́ ẹ sè.

Orí iná

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ gbé omi kaná, kó pọ̀ tó láti bo ẹyin kó sì fi bí ìka méjì lé e lórí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó hó dáadáa kí ẹyin tó wọ̀ ọ́. Bí omi ṣe ń gbóná lọ, ẹ fọ ẹyin, ẹ fi ọwọ́ pa á, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn ẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ di ẹyin tútù mú lọwọ́ dọ̀tí yẹn kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun. Tó bá jẹ́ inú fíríìjì ló ti wá, ẹ mú un jáde ní nǹkan bí mínìtì 15 ṣáájú, ẹyin tútù nini tó bá já sínú omi tó ń hó, fọ́ ló máa fọ́. Ẹ gbé e lé ṣíbí, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá dín iná kù kó má máa gbá ara wọn káàkiri inú ìkòkò, omi yẹn kàn gbọ́dọ̀ máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Ẹ lè bu iyọ̀ ṣíbí kan sí i tàbí kẹ́ ẹ ta ọtí kíkan sí i díẹ̀, kì í ṣe pé kò ní jẹ́ kó fọ́ o, tó bá fọ́ ni funfun á tètè dì lójú ibi tó sán, kò ní tú sínú omi bí ẹ̀kọ.

Ẹ ṣètò àláàmù fóònù yín, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tó ti wọnú omi, mínìtì 6 sí 7, funfun á ti dì, pupa á ṣì máa ṣàn. Mínìtì 9, etí pupa á ti dì, àárín á ṣì rọ̀ díẹ̀. Mínìtì 11 sí 12, ó ti jinná dénú, èyí ni mò ń bá gbogbo èèyàn sọ. Èyí tí pupa ẹ̀ ń ṣàn yẹn dára nínú fídíò àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún adìyẹ wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà Salmonella, tàbí kí ẹyin wọn má kúrò nínú òtútù láti oko dé ilé ìtajà, tiwa tó gba orí ọ̀kadà àti inú oòrùn, ẹ jẹ́ kó dì.

Ọ̀nà kejì wà fáwọn tí owó gáàsì ń dùn (wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú láhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí). Ẹ tò ẹyin sínú ìkòkò, ẹ da omi tútù lé e, ẹ gbé e kaná. Gbàrà tó bá ti hó gan-an, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé e pa, ẹ fi í sílẹ̀ fún mínìtì 12, tí ẹyin bá tóbi kó tó 15. Ooru inú ìkòkò á parí iṣẹ́. Ó ń jinná dáadáa, kìkì pé ó máa ń le bó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má lo ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún èyí, kì í pa ooru mọ́.

Tẹ́ ẹ bá là á tẹ́ ẹ rí àmì kan bí àwọ̀ ewé tó yí pupa ká, ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe májèlé, kò sì ní kí ẹyin bàjẹ́. Ó pẹ́ jù lórí iná ni, sọ́fọ̀ (sulphur) inú funfun ló pàdé irin inú pupa. Èyí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin tí wọ́n jù sínú ìkòkò iṣu tàbí ìrẹsì pé kó máa bá a jinná, á lo ọgbọ̀n mínìtì níbẹ̀, á gan bíi rọ́bà, á sì máa rùn díẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ yáa fọ èèpo yẹn tọkàntọkàn, torí omi tó fọ̀ ọ́ náà ni iṣu yín ń mu.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sọ̀

Ibi tá a ti ń ṣì í rèé. Ẹni tó bá kàn da omi gbígbóná nù tó fi ẹyin sílẹ̀ nínú ìkòkò, ẹyin yẹn ṣì ń jinná lọ nínú, ó sì máa wà ní lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, lọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn ni bakitéríà fẹ́ràn. Ẹ bu omi tútù sí abọ́ ńlá kí àkókò tó pé, tẹ́ ẹ bá ní píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi nínú fírísà, ẹ fọ ara náílọ́nù ẹ̀ kẹ́ ẹ jù ú sí i bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ẹyin sínú ẹ̀ ní kété tí àláàmù bá dún. Kó wà níbẹ̀ bíi mínìtì 10, tí omi bá ti gbóná kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Omi yẹn gbọ́dọ̀ mọ́ o! Bí ẹyin ṣe ń tutù ni inú ẹ̀ ń súnkì, tó bá ń súnkì á máa fa omi ìta wọlé láti ara àwọn ihò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Omi kànga tẹ́ ò sè, omi tẹ́ ẹ fi ṣan abọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi í tu ẹyin. Omi tẹ́ ẹ lè mu ni kẹ́ ẹ lò.

Bíbó ẹ̀, orí tó sanra ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá mọ́ nǹkan, ibẹ̀ ni àyè afẹ́fẹ́ wà, ẹ máa gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe máa yàtọ̀, á dún "kò" bí ohun tó ṣófo. Ẹ wá yí i mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo èèpo fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ ki àtàǹpàkò bọ abẹ́ awọ funfun tín-ín-rín yẹn, òun gan-an ni kẹ́ ẹ mú, tẹ́ ẹ bá ti mú un gbogbo èèpo á bá a wá. Tó bá ń ṣagídí, ẹ bó o sínú omi. Ẹ má bó èyí tẹ́ ò tíì fẹ́ jẹ.

Ìtọ́jú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iná

Òfin ẹ̀ ò pọ̀. Láàárín wákàtí 2 tẹ́ ẹ ti sè é, kó ti wà nínú fíríìjì, tí ìta bá gbóná ju 32°C lọ, bíi oòrùn oṣù kẹta tiwa yìí, wákàtí 1 péré ni. Kí fíríìjì tutù dé 4°C. Ẹ fi sílẹ̀ nínú èèpo ẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kó o sínú rọ́bà olọ́mọrí torí òórùn ẹ̀, ẹ fi bírò kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ sè é sí i lára, èyí á sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tútù. Ẹ gbé e sínú lọ́hùn-ún, ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì kì í tutù tó. Bẹ́ẹ̀ ló lè wà fún ọjọ́ 7. Èyí tẹ́ ẹ bá ti bó, ọjọ́ náà ló dáa jù kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má gbé e sí fírísà, funfun á le, á sì máa ṣomi.

Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Fíríìjì tẹ́ ò bá ṣí á ṣì tutù fún bí wákàtí 4. Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ má lọ máa ṣí i wò bóyá ó ṣì tutù. Tẹ́ ẹ bá ní píọ̀ wọ́tà tó dì, ẹ kó mẹ́rin-márùn-ún yí rọ́bà ẹyin yẹn ká, á bá yín fà á síwájú. Àmọ́ tí iná bá lọ láti alẹ́ tí kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́, tí omi inú fíríìjì náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kó ẹyin yẹn dà nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ẹyin mẹ́fà kì í ṣowó kékeré lásìkò yìí. Ẹ tún má ronú pé ẹ ó tún un sè, àwọn bakitéríà kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti su májèlé wọn sínú oúnjẹ, iná ò rí i pa. Ilé tí iná ò bá dúró, iye tẹ́ ẹ máa jẹ lónìí ni kẹ́ ẹ sè, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ní tútù, òun ló lágbára.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un gbóná, ẹ má gbé odindi ẹyin sínú maikirowéfù láé, ó máa ń bú gbàù, nígbà míì ó tún di ìgbà téèyàn bá gé e jẹ kó tó bú sí i lẹ́nu. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí.

Ọjọ́ àlejò

Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ayé bá ya wọ Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, kò sílé tí wọn ò ti ń se nǹkan fún ẹgbẹ́ àti àna. Òfàdà àti ayamáṣe, èyí táwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ ní tiwọn ni, ẹyin á wà nínú ẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, ẹyin wà ńbẹ̀. Wọ́n á ti se kíréètì méjì láago márùn-ún ìdájí, wọ́n á kó o ní gbígbóná sínú kúlà, wọ́n á dé e pa, ó di aago mẹ́ta ọ̀sán káwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn ẹgbẹ́ tó kúrò lójúde kí wọ́n tó ṣí i. Kúlà yẹn ò jẹ́ kó gbóná tó, kò sì jẹ́ kó tutù, àárín 4°C sí 60°C, lọ́wọ́ọ́rọ́ tí bakitéríà fẹ́ràn yẹn, ló há a sí fún ọ̀pọ̀ nínú wákàtí mẹ́wàá yẹn.

Bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é rèé: ẹ sè é lálẹ́ àná, ẹ tù ú, ẹ gbé e sínú fíríìjì tàbí kúlà tí áìsì kún inú ẹ̀, kó wà nínú èèpo. Tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ síta, ẹ bó o, kẹ́ ẹ dà á sínú ayamáṣe tó ń hó lórí iná, kó gbóná dénú. Ìkòkò ayamáṣe náà kó máa wà lórí iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń se ẹyin púpọ̀, ẹ sè é ní ẹ̀ẹ̀mejì-mẹ́ta, ìkòkò tí ẹyin bá gun ara wọn nínú ẹ̀, tòkè ò ní jinná bíi tìsàlẹ̀.

Èyí tá à ń rà lójú títì

Ní Ìńtáṣénjì Ṣàgámù, kí ọkọ̀ tó dúró tán ni ẹlẹ́yin á ti dé ojú fèrèsé, ẹyin nínú bókẹ́ẹ̀tì, ata gígún àti iyọ̀ nínú náílọ́nù, tẹ́ ẹ bá ní kó bó o á bó o, á fi ọ̀bẹ là á, á bu ata sí i láàárín. Ó dùn, mi ò purọ́, èmi náà ń rà á. Ẹ kàn máa ra èyí tó wà nínú èèpo, kẹ́ ẹ bó o fúnra yín, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń gbowó. Ẹ wo èèpo ẹ̀, tó bá ti sán tí funfun yọ jáde, ẹ gba òmíì. Àárọ̀ dáa ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ béèrè pé "ìgbà wo lẹ sè é?", ẹni tó bá sè é láàárọ̀ yẹn á sọ lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bó o tó ń yọ̀ bí ilá, tàbí tó ń rùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jù ú sígbó, ẹ má ní ẹ ti sanwó.

Àwọn tó yẹ ká ṣọ́ra fún jù

Aláboyún, ọmọ kékeré àti àgbàlagbà, kí tiwọn jinná dénú. Ẹni tó bá jẹ́ SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde), ẹ ṣọ́ra fún un jù gbogbo wọn lọ, torí Salmonella tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ wọn lè lọ fìdí kalẹ̀ sínú eegun. Ọmọ tó ti pé oṣù 6 lè jẹ ẹyin tó jinná, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kúnná, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ, torí pupa ẹyin gbígbẹ máa ń há ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tí ara ẹ̀ bá lé tàbí tí ètè ẹ̀ wú, ẹ dúró, ẹ mú un lọ rí dókítà. (Pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè, àwọn àgbà ló ń fi pa ẹyin wọn mọ́, ẹ fún ọmọ yín lẹ́yin jàre.)

Tẹ́nì kan bá ti jẹ èyí tó ti bàjẹ́, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti ibà lẹ máa rí, ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6, ó sì lè di ọjọ́ kẹfà. Omi ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá padà. Tí ò bá sí ORS (ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mómi mu) nílé, píọ̀ wọ́tà méjì ti tó lítà kan, ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì 6 tẹ́ ẹ gé orí ẹ̀ dọ́gba sí i, pẹ̀lú iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, ẹ rò ó pọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sáré lọ ra kápúsù lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ibà bá ga, tí ọmọ ò bá lè mu nǹkan tàbí tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tó bá jẹ́ SS tàbí aláboyún, ẹ má dúró ti omi oníṣúgà yẹn, ọsibítù ni, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹyin ló jẹ àti ọjọ́ tó jẹ ẹ́.